Ẹ Má Wo Ògiri, Ara Àgbà Ni Kí Ẹ Wò

Ní Bódìjà Àtijọ́ n'Ìbàdàn, àwọn ilé tí Àjọ Ilé Gbígbé ti Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1958, kọ́ ṣì dúró digbí. Inú àwọn ilé wọ̀nyí ni olùkọ́ Yunifásítì, dókítà UCH, òṣìṣẹ́ ọba àti ọ̀gá báńkì Dùgbẹ̀ ti tọ́mọ. Àwọn ọmọ náà kàwé, wọ́n yege, wọ́n sì gba Lọ́ńdọ̀nù, Houston àti Toronto lọ. Lónìí, nínú ọ̀pọ̀ ilé bẹ́ẹ̀, ìyá tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún àti ọmọ ọ̀dọ̀ kan ló kù. Yàrá yòókù wà ní títì pa. Ó rí bẹ́ẹ̀ ní Ring Road, ó rí bẹ́ẹ̀ ní Challenge. Ní Àgbowó, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ti háyà yàrá tí àwọn ọmọ fi sílẹ̀, bàbá onílé wà nísàlẹ̀, kò sì mọ ẹni tó ń wọlé, kò mọ ẹni tó ń jáde.

Ọjọ́ kan á wá dé tí Màmá á ṣubú ní balùwẹ̀, tàbí tí Bàbá á jáde lọ ra ìwé ìròyìn, tí kò ní mọ ọ̀nà ilé mọ́. Ọmọ ọ̀dọ̀ á ní òun ò lè ṣe é mọ́. Àwọn ọmọ á pe ìpàdé lórí WhatsApp, ẹnì kan á sì fi ìgboyà sọ ọ́ jáde: ilé arúgbó ńkọ́? Gbogbo wọn á dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n àgbà á ní, “Ṣé ká wá lọ da Màmá síbẹ̀ ni? Kí la fẹ́ sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì?” Bí wọ́n bá sì gbà níkẹyìn, bòókẹ́lẹ́ ni wọ́n máa ń ṣe é. Aládùúgbò tó bá béèrè, wọ́n á ní Màmá ti lọ sọ́dọ̀ àbúrò wọn l'Ékòó.

Mo mọ ibi tí ìtìjú náà ti wá. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òwe yìí ni wọ́n fi tọ́ wa, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ pé inú yàrá ọmọ nìkan ni òkété ti gbọ́dọ̀ mu ún. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni ohun tí ìtìjú ń ṣe fún àgbà tó ti wà nínú ilé náà. Ohun tí a bá fi pamọ́, a kì í lè béèrè nípa rẹ̀. Ọmọ tó ń tijú pé ìyá òun wà níbẹ̀ kò ní bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ léèrè ilé tó dára, kò ní rán ẹ̀gbọ́n lọ síbẹ̀ lójijì, kò ní kọ̀wé sí ìjọba. Á sanwó lóṣooṣù, á dúpẹ́ lọ́wọ́ alábòójútó, á sì máa gbàdúrà. Lójú tèmi, ìtìjú yìí ló ń jẹ́ kí ilé ìtọ́jú tí kò dáa máa rówó gbà. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ ká jọ sọ ọ́ ní gbangba: báwo la ṣe ń mọ ilé tó ń tọ́jú àgbà dáadáa?

Ilé tó rẹwà

Ní 1966, dókítà kan tí wọ́n bí ní Beirut, Avedis Donabedian, kọ àpilẹ̀kọ kan tí àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ ìlera wò kárí ayé ṣì ń lò títí dòní. Ó ní ọ̀nà mẹ́ta la lè gbà wo ìtọ́jú: ohun tó wà nílẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, àti ohun tó gbẹ̀yìn iṣẹ́ náà. Ohun tó wà nílẹ̀ ni ilé, ibùsùn, omi, iná, iye òṣìṣẹ́ àti ìwé ẹ̀rí wọn. Iṣẹ́ ni bí wọ́n ṣe ń bọ́ àgbà, bí wọ́n ṣe ń wẹ̀ ẹ́, bí wọ́n ṣe ń fún un lóògùn. Ohun tó gbẹ̀yìn ni ipò tí àgbà náà wà: ṣé ara rẹ̀ jí pépé, ṣé ó ń sùn, ṣé ó ṣì ń rẹ́rìn-ín?

Èyí àkọ́kọ́ nínú mẹ́ta yìí ni ọ̀pọ̀ ẹbí máa ń wò. A máa ń wo géètì, táìlì, jẹnẹrétọ̀ àti tẹlifíṣọ̀n ńlá inú pálọ̀. Alábòójútó á mú wa yí ilé ká, á fún wa lómi tútù mu, a ó sì sanwó. Kò burú ká wo ìwọ̀nyí. Ní Ìbàdàn tí iná ò dúró sójú kan, nínú ooru oṣù Kẹta, yàrá tí kò ní fáànù tó ń ṣiṣẹ́ lè ṣekú pa arúgbó. Jẹnẹrétọ̀ tó bá wà lábẹ́ fèrèsé yàrá léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí èéfín rẹ̀. Àmọ́ aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti rí èyí rí. Ní 2009, wọ́n ṣí ilé ìtọ́jú kan tó ń jẹ́ Orchid View ní West Sussex, ilé tuntun tó rẹwà gidigidi. Nígbà tó fi máa di 2011, wọ́n ti tì í. Ní 2013, adájọ́ tó ń wádìí ikú jókòó sí ọ̀ràn àgbàlagbà mọ́kàndínlógún tó ti gbé níbẹ̀. Ó ní kò sí ọ̀kan nínú wọn tó rí ìtọ́jú tó yẹ gbà, àti pé àìkà-wọ́n-sí wà lára ohun tó ṣokùnfà ikú márùn-ún nínú wọn. Òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì kan nínú ilé náà ló gba ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá lọ, nígbà tó rí i pé wọ́n fẹ́ kí ìwé oògùn tí àṣìṣe kún inú rẹ̀ pòórá. Ògiri Orchid View kò yẹ̀, òdòdó ọgbà rẹ̀ kò rọ. Inú yàrá ni ohun tó bàjẹ́ wà.

Ẹ̀kọ́ Ìdíkàn

Ìbàdàn náà ti kọ́ ayé lẹ́kọ̀ọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Láti 1992 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣúntókun, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti Indianapolis ní Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí àrùn ìgbàgbé láàárín àwọn àgbàlagbà Ìdíkàn, àdúgbò kan n'Ìbàdàn. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀: lọ́dọọdún, àrùn Alzheimer ń mú ìdá 1.15 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín àwọn àgbàlagbà Yorùbá tí wọ́n yẹ̀ wò, ó sì ń mú ìdá 2.52 láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis.

Ohun mìíràn wà nínú iṣẹ́ náà tí kò gbajúmọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kí èèyàn tó lè mọ̀ pé iyè àgbà ti ń ra, ó ní láti mọ ohun tó lè ṣe tẹ́lẹ̀ tí kò lè ṣe mọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá bi ẹbí Yorùbá léèrè pé ṣé Bàbá ṣì lè gbọ́ oúnjẹ ara wọn, ṣé wọ́n ṣì lè fọṣọ, wọ́n á ní ó ti pẹ́ táwọn ọmọ ti ń ṣe é. Àgbà ni wọ́n, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n ṣe é? Àwọn olùwádìí wá gbé ètò ìbéèrè kan kalẹ̀ tí wọ́n fi ń lọ bá àgbà nínú ilé rẹ̀, kí wọ́n fojú ara wọn rí ohun tó lè ṣe àti ohun tó ti kọjá agbára rẹ̀.

Mo ka èyí sí ẹ̀kọ́ ńlá. Ọ̀wọ̀ wa gan-an lè bo ìṣòro àgbà mọ́lẹ̀. Ẹnu ẹbí kò tó, ẹnu alábòójútó kò tó. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àgbà ṣe wà, kó lọ bá a níbi tó wà, kó sì wò ó dáadáa.

Ibi tó yẹ kójú dé

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara àgbà náà. Arúgbó tí kò lè yí ara rẹ̀ padà lórí ibùsùn, ibi tí egungun ti sún mọ́ awọ ló kọ́kọ́ ń bàjẹ́: òkè ìdí, gìgísẹ̀, ẹ̀gbẹ́ itan, ìgbọ̀nwọ́. Ẹ̀jẹ̀ kì í ráyè kọjá níbẹ̀, awọ á kú, egbò á là, ó sì lè jìn dé egungun. Àṣà iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni pé kí wọ́n máa yí irú ẹni bẹ́ẹ̀ padà ní wákàtí méjì méjì, tọ̀sán tòru. Ọ̀pọ̀ ìwé òyìnbó ní ká máa ṣọ́ ibi tó bá pọ́n, ṣùgbọ́n lára awọ dúdú, pípọ́n kì í tètè hàn. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án. Bó bá gbóná ju àyíká rẹ̀ lọ, bó bá le tàbí tó rọ̀ jù, bí àwọ̀ rẹ̀ bá ti dúdú ju ti tẹ́lẹ̀, bó bá dun Màmá nígbà tọ́wọ́ kàn án, ìyọnu ti bẹ̀rẹ̀ bí egbò ò tilẹ̀ tíì là. Kí ọmọbìnrin rẹ̀ tàbí ìyàwó ilé ti ilẹ̀kùn, kó sì wò ó tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọmọ tó gbé àsáró lọ, tó bá ìyá rẹ̀ ya fọ́tò, tí kò ká aṣọ kúrò ní gìgísẹ̀ ìyá rẹ̀ wò, kò tíì mọ bí ìyá rẹ̀ ṣe wà.

Lẹ́yìn awọ, ó kan omi. Bí ọjọ́ orí bá ti ń lọ, òùngbẹ kì í tètè gbẹ èèyàn mọ́, bí ara tilẹ̀ nílò omi. Òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ ti wọ̀ lọ́rùn lè dín omi kù fún àgbà kí páńpásì má baà tètè kún. Ẹ wo ahọ́n rẹ̀, ẹ wo ètè rẹ̀, ẹ béèrè bí àwọ̀ ìtọ̀ rẹ̀ ṣe rí. Ẹ wò ó bóyá ife omi wà níbi tọ́wọ́ rẹ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lè dé.

Kí wọ́n máa wọn ìwúwo rẹ̀ lóṣooṣù. Ní àwọn ilé ìtọ́jú Amẹ́ríkà, bí ẹnì kan bá fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún jò láàárín oṣù kan, tàbí ìdá mẹ́wàá láàárín oṣù mẹ́fà, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Fún ìyá tó wọn kílò 60, kílò mẹ́ta péré nìyẹn lóṣù kan. Ojú kò lè rí i lábẹ́ ìró àti bùbá. Ó lè jẹ́ eyín ló ń dùn ún, ó lè jẹ́ àìsàn, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, wọ́n sì ń padà wá gbé e kúrò bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ lọ lákòókò oúnjẹ. Ẹ wo ẹni tó ń bọ́ ọ: ṣé ó jókòó tì í, tó ń dúró kó gbé òkèlè mì, àbí ó dúró lé e lórí, tó ń ki àmàlà bọ̀ ọ́ lẹ́nu nítorí pé àwọn márùn-ún mìíràn ń retí?

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti àtọ̀gbẹ ní wákàtí tirẹ̀. Kí ìwé wà tó ń fi orúkọ oògùn, aago, àti ìbuwọ́lù ẹni tó fún un hàn. Bí ẹ bá dé pálọ̀ ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀, tí gbogbo àgbà ibẹ̀ ń sùn lórí àga, ẹ wádìí ohun tí wọ́n ń fún wọn lò. Àgbà tó ń ṣàrán, tó ń rìn káàkiri, tó ń pe ìyá rẹ̀ tó ti kú láti ọdún pípẹ́, a kì í fi oògùn oorun tàbí okùn dè é mọ́lẹ̀ kí òṣìṣẹ́ lè rí ìsinmi. Bẹ́ẹ̀ ni a kì í pè é ní àjẹ́. Àìsàn ọpọlọ ló ń ṣe é.

Ẹ béèrè nípa òru. Òṣìṣẹ́ mélòó ló lajú sílẹ̀ ní aago méjì òru, fún àgbà mélòó? Ta ni nọ́ọ̀sì nínú wọn? Nọ́ọ̀sì tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé Ìgbìmọ̀ Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí Nàìjíríà yàtọ̀ sí ọ̀sílárì tó kọ́ṣẹ́ ní kíliníìkì aládàáni. Ọ̀sílárì lè láàánú, ọwọ́ rẹ̀ sì lè dá ṣáká, ṣùgbọ́n kò yẹ kí òun nìkan wà pẹ̀lú ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ ìnsúlínì. Bí ẹnì kan bá dákú, ọkọ̀ wo ló máa gbé e? Ṣé UCH ni àbí ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ Ring Road? Ta ni wọ́n máa kọ́kọ́ pè?

Ẹ wá wo ọkàn rẹ̀. Ìwádìí Ìbàdàn lórí ọjọ́ ogbó, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje darí láti 2003, fọ̀rọ̀ wá àgbàlagbà 2,152 lẹ́nu wò káàkiri ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá. Nínú èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2007, ìdá 26.2 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ti ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó lágbára rí láyé wọn, ìdá 7.1 sì ní in láàárín ọdún kan tó kọjá. Àwọn tó wà nílé, láàárín ẹbí, nìyẹn. Ká wá ro ti ẹni tí wọ́n gbé kúrò lórí ibùsùn tó ti sùn lé fún ogójì ọdún.

Ní ilẹ̀ wa, bí a ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀ wà lára ìtọ́jú. Òṣìṣẹ́ ẹni ọdún méjìlélógún tó ń pariwo “Dìde, mo ní kó o dìde!” mọ́ ìyá tó ti ṣe ọ̀gá iléèwé rí ti ṣe é léṣe, bí kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. Ilé tó dára á mọ̀ pé Ìyá Ìbejì ni wọ́n ń pe Màmá ládùúgbò. Á mọ oríkì rẹ̀. Á bu omi àlùwàlá fún Àlàájà kí àkókò ìrun tó tó, á sì wọṣọ fún Bàbá Díákónì lówùúrọ̀ Àìkú kí ọkọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tó dé.

Àwọn ọmọ wa mọ iṣẹ́ yìí

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló ń tọ́jú àgbà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pàápàá láti oṣù Kejì 2022 tí ìjọba ibẹ̀ ti ṣílẹ̀kùn físà fún àwọn olùtọ́jú láti òkèèrè. Ní oṣù Kẹta 2024, ìjọba náà ní kí àwọn olùtọ́jú tó ń bọ̀ má mú ẹbí dání mọ́. Ní oṣù Keje 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn náà mọ́ àwọn tuntun. Àwọn tó ti wọlé ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ro ti irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ní Leeds. Kó tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ òru, ó ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: iye omi tí ìyá àgbà òyìnbó mu, ìgbà tó yí i padà, àmì tó rí lẹ́yìn rẹ̀ àti ibi tí àmì náà wà gan-an. Ohun tí kò bá kọ, wọ́n á ní kò ṣe é. Ó délé, ó pe Ìbàdàn lórí WhatsApp. Wọ́n gbé fóònù síwájú ìyá tirẹ̀.

“Ẹ kú àárọ̀, Màmá. Ṣé ẹ ti jẹun?”

“A dúpẹ́.”

“Ṣé wọ́n ń tọ́jú yín dáadáa?”

“A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ọmọ mi.”

Alábòójútó ló mú fóònù náà dání. Kí ni ìyá fẹ́ sọ? Gbogbo ìbéèrè tó yẹ kó béèrè ni obìnrin yìí mọ̀. Lálaalẹ́ ló ń dáhùn wọn fún ìyá ẹlòmíràn. Ó ń bẹ̀rù pé àwọn òṣìṣẹ́ ilé náà lè bínú, kí wọ́n sì fi ìyá òun gbẹ̀san. Ó sì ń tijú pé òun ò sí nílé láti ṣe é fúnra òun. Mo bẹ irú ọmọ bẹ́ẹ̀: ìmọ̀ tí ẹ fi ń jẹun lọ́hùn-ún, ẹ fi gba ìyá yín là níhìn-ín.

Ẹni tó ń wá ilé fún ìyá rẹ̀ ní England lè ka ìròyìn àjọ Care Quality Commission, tó ti ń yẹ ilé ìtọ́jú wò láti 2009. Ìbéèrè márùn-ún ni wọ́n ń béèrè: ṣé kò séwu níbẹ̀, ṣé ìtọ́jú náà ń ṣe àgbà lóore, ṣé àwọn òṣìṣẹ́ láàánú, ṣé wọ́n ń ṣe é bí ẹni náà ṣe nílò rẹ̀, ṣé àwọn ọ̀gá ń darí rẹ̀ dáadáa? Amẹ́ríkà ń fún ilé ìtọ́jú ní ìràwọ̀ kan sí márùn-ún láti 2008. Àwọn àjọ yìí máa ń ṣìṣe: Orchid View gba máàkì “dára” ní 2010. Síbẹ̀, nígbà tí ọ̀ràn bẹ́ sílẹ̀, ìwé wà tí wọ́n lè yẹ̀ wò, ibi tí òṣìṣẹ́ lè gbé ẹjọ́ lọ wà, adájọ́ sì jókòó sí i.

Ohun tí ìjọba gbọ́dọ̀ ṣe

Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, ní abala 16, ní kí ìjọba pèsè ìtọ́jú ọjọ́ ogbó àti owó ìfẹ̀yìntì fún aráàlú. Orí Kejì ni ọ̀rọ̀ náà wà, abala 6 sì ní kò sí ilé ẹjọ́ tó lè fi dandan mú ìjọba lórí rẹ̀. Òfin 2017 dá National Senior Citizens Centre sílẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ní Ìbàdàn níhìn-ín, Chief Tony Anenih Geriatric Centre ti wà nínú ọgbà UCH láti 2012, níbi tí àwọn dókítà ti ń tọ́jú àgbàlagbà nìkan. Ìmọ̀ kò jìnnà sí wa. Ohun tí a ò ní ni ìwé gbangba tí ọmọ lè ṣí, kó sì ka bí ilé arúgbó kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣe sí.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kìíní 2024, ìbúgbàmù ba ọ̀pọ̀ ilé jẹ́ ní Bódìjà Àtijọ́, ó sì gbẹ̀mí èèyàn. Ìjọba ní ohun abúgbàmù tí wọ́n kó pamọ́ sínú ilé gbígbé ló fà á. Gbogbo wa rí i lọ́jọ́ náà pé ní àwọn àdúgbò wa tí ògiri ga, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń lọ lẹ́yìn ògiri ẹnì kejì. Ẹ̀yìn irú ògiri bẹ́ẹ̀ ni ilé arúgbó wà.

Ohun tí mò ń béèrè lọ́wọ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kò le. Kí Iléeṣẹ́ Ọ̀rọ̀ Obìnrin kọ orúkọ gbogbo ilé tó ń gbowó tọ́jú àgbà sílẹ̀. Kí wọ́n máa lọ síbẹ̀ láìsọ tẹ́lẹ̀, lọ́sàn-án àti lóru, pẹ̀lú nọ́ọ̀sì, dókítà tó ń tọ́jú àgbàlagbà láti UCH, àti ẹnì kan láti inú ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì, tó jẹ́ àgbà fúnra rẹ̀. Kí wọ́n lẹ èsì rẹ̀ mọ́ géètì, ní èdè Yorùbá. Kí nọ́ńbà fóònù kan wà tí òṣìṣẹ́ lè pè láìjẹ́ pé iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí wọ́n sì wo owó oṣù tí wọ́n ń san fún àwọn tó ń gbé àgbà dìde, nítorí ẹni tébi ń pa kò lè ní sùúrù tó fún ẹni tí kò lè dìde. Àwọn onílé ìtọ́jú tó ń ṣe dáadáa wà, tí owó dísù àti owó oúnjẹ ń ni lára. Àyẹ̀wò gbangba á ràn wọ́n lọ́wọ́, torí á yà wọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó ń bà wọ́n lórúkọ jẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má dúró de ìjọba. Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ ní kí ilé náà fi ìwé mẹ́ta ránṣẹ́ sí yín: ìwé ìwúwo, ìwé oògùn, àti ìwé tó ń fi ìgbà tí wọ́n ń yí i padà hàn. Ẹ rán ẹnì kan lọ síbẹ̀ lálẹ́ láìsọ tẹ́lẹ̀. Ẹ sọ fún ọ̀rẹ́ yín àti fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí ibi tí Màmá wà, kí wọ́n lè máa yà kí wọn, kí ojú tó ń wò wọ́n lè pọ̀. Ilé tó ń tọ́jú àgbà dáadáa á fi tayọ̀tayọ̀ ṣí ìwé rẹ̀ fún yín. Èyí tó bá bínú nítorí ẹ béèrè, ẹ tètè wá ibòmíràn fún Màmá, kẹ́ ẹ sì kó ẹrù wọn kúrò níbẹ̀.